Ihò Abẹ́ Ààrò Ìyá Àgbà

Wọ́n ní ìyá àgbà mi gbẹ́ ihò láti abẹ́ ààrò rẹ̀, ó gba abẹ́ wáyà àwọn ológun Amẹ́ríkà, ó sì já sí ẹnu ibojì ìyá tó bí i. Ẹlẹ́ja àdúgbò wa tiẹ̀ búra pé òun gbọ́ ìró ọkọ́. Ìyá àgbà Gozei, tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́! Èmi ni mo ń fà á dìde lórí ẹní, mo sì máa ń ní kó sanwó ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun ní Okinawa, erékùṣù wa, oko wa ni wọ́n na wáyà yí ká, tòun ti ibojì wa. Ogun parí, wọn ò lọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lọ́jọ́ ọdún Shiimii, wọ́n á ṣí géètì, a ó gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí wọlé, a ó bá àwọn òkú wa jẹun. Àfìgbà tí Tokashiki, ọmọ àdúgbò wa tó ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn, wá kúnlẹ̀ nílé wa lọ́dún tó kọjá.

"Ìyá, ẹ má bínú. Wọn ò ní ṣí géètì lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí ẹ̀gbẹ́ ibojì. Ogun kan wà lókè òkun tí..."

Bàálù wọn kọjá lórí ilé. Gbogbo wa dákẹ́, àwọn ife ń gbọ̀n. A ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu de bàálù.

"Ogun ta ni?" Ìyá àgbà bi í nígbà tí ariwo rọlẹ̀. "Ṣé ìyá mi ló bá wọn jà?"

"Rárá, mà."

"Wọ́n láwọn ń ṣọ́ gbogbo ayé, wọ́n wá ń sá fún òkú arúgbó! Lọ sọ fún ọ̀gá ẹ pé ẹnu ibojì ìyá mi ò ní ṣófo lọ́jọ́ ọdún."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ìtàkùn tó ní kí erin má kọjá..."

"Tokashiki! Èmi tí mo máa ń fọ ìdí fún ẹ, èmi lo wá ń pòwe fún?"

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá àgbà mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, a gbin ọ̀dùnkún. Mo ṣe bí ebi ló ń pa á. Ìtàkùn náà fà gba abẹ́ wáyà wọlé, ó kọrí sí ibojì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó débẹ̀, òṣìṣẹ́ wọn gbé ẹ̀rọ ìgékoríko wá, ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó fọ́n ọn káàkiri. Mo sáré lọ sọ fún Ìyá àgbà, omi lójú mi. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Sayo, o ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ti bá wa gbìn ín. Ó ku òjò."

Lọ́jọ́ ọdún, géètì wà ní títì. A tẹ́ ẹní sẹ́yìn wáyà, a gbé oúnjẹ kalẹ̀, a kọjú sí ibojì. Òdòdó ọ̀dùnkún elésè àlùkò ti bo ẹnu rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ìyá àgbà gbé ife ọtí sókè.

"Ìyá mi, ẹ wá jẹun o! Àwọn tó tì yín mọ́lé náà ló ṣe yín lọ́ṣọ̀ọ́."

Lọ́jọ́ kejì ni ọlọ́pàá méjì tẹ̀lé Tokashiki wá, wọ́n ń wá ẹni tó wọ inú ọgbà lọ to òdòdó. Wọ́n wo abẹ́ ẹní, wọ́n wo abẹ́ ààrò.

"Ẹ ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ tán," ni Ìyá àgbà wí, ó na ìgbálẹ̀ sí wọn, "ẹ kúkú bá mi gbá ibẹ̀."

Wọ́n gbá a. Eruku ló bo orúnkún wọn nígbà tí wọ́n jáde, ẹlẹ́ja sì rí wọn. Èmi kàn ṣẹ́jú sí i ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ihò ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ihò kankan. Bí èèyàn bá gé ìtàkùn ọ̀dùnkún, tí òjò sì rọ̀, gbogbo ègé tó bá kan ilẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò.