Irin Tó Wà Láyà Bọ̀ọ̀dá Isaiah

Wọ́n ní aago ni àwọn dókítà Faransé fi sí àyà Bọ̀ọ̀dá Isaiah. Wọ́n ní Àǹtí Bernadette, ìyàwó rẹ̀, ló ń fi kọ́kọ́rọ́ lọ́ ọ láràárọ̀ kí ọkọ tó lè dìde lórí ibùsùn, àti pé ọjọ́ tó bá gbàgbé, ó parí nìyẹn. Gbogbo Gbossimé, àdúgbò wa, ló gbọ́ ọ. Bí mo bá ní n kò dá sí i, irọ́ ni mo pa. Èmi gan-an ni mo fi kọ́kọ́rọ́ kún un.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni Bọ̀ọ̀dá ń tún ṣe ní àdúgbò Djidjolé, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Àìsàn ọkàn ló gbé e lọ sí Faransé lọ́dún 1986. Láti ìgbà tó ti dé ni àyà rẹ̀ ti ń ró: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bí a bá dákẹ́ fún àdúrà, gbogbo wa là ń gbọ́ ọ. Èmi tí mo máa ń dúró tì í kì í wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Àyà rẹ̀ ni mo fi ń ka orin.

"Bọ̀ọ̀dá, aago yín ń sáré lónìí. Ṣé Àǹtí lọ́ ọ jù ni?"

"Mercy, ẹnu rẹ ló yẹ kí wọ́n fi irin sí."

Lọ́jọ́ kan mo gbé etí lé e láyà, mo figbe ta: "Yéè, ó ti dákẹ́!" Àwo ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ lòdì sí ìjọba, tí gbogbo wa ń pè ní la grève, bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1992, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóṣooṣù tì pa. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tó gbọ́dọ̀ máa lò títí ayé, kò sí ní fámásì tó ṣílẹ̀kùn. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi abẹ gé hóró oògùn sí méjì.

"Má sọ fún àǹtí ẹ o. La grève ò lè pẹ́."

Èmi tí ẹnu mi kì í dúró, mo pa á mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kìíní, a dákẹ́ fún àdúrà, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo sún mọ́ ọn. Ó ṣì ń ró, ṣùgbọ́n bí ohun tí wọ́n fi aṣọ wé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú kọjá bàtà.

"Àǹtí, kò ró bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́."

"Mercy, jọ̀ọ́, má bá mi ṣe eré yẹn mọ́."

"N ò ṣeré. Ó ń gé oògùn."

"Má dá a lóhùn," Bọ̀ọ̀dá ní, "ó ti tún dé..." Èémí rẹ̀ ò gbé ọ̀rọ̀ náà dé òpin. Síbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni Àǹtí gbà gbọ́.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn Ìsinmi yẹn, ìbọn àwọn sójà dún láàárín ìlú. Àwọn èèyàn ń gba àdúgbò Ablogamé kọjá lọ sí ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin, ẹrù lórí. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Àǹtí fúnra rẹ̀ gbé etí lé àyà ọkọ rẹ̀. Ó ki aṣọ bọ inú àpò, ó ní kí n bá òun gbé Bọ̀ọ̀dá lápá kan.

Nínú takisí, orí Bọ̀ọ̀dá wà léjìká mi.

"Mercy, ka orin fún wa."

Mo kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Orí ara mi ni mo ti ń mú un; àyà rẹ̀ ò ṣe é kà mọ́.

Ọjọ́ kejì tí a dé Kòtònú ló kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin kan nínú ìjọ fa Àǹtí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi í níbo ló fi kọ́kọ́rọ́ sí. Àǹtí wò mí. "Ìwọ dá a lóhùn."

Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún wa: irin pẹlẹbẹ kan ni, bí ilẹ̀kùn nínú ọkàn, kò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, kò ní kọ́kọ́rọ́, kò ní bátìrì, ẹ̀jẹ̀ Bọ̀ọ̀dá ló ń tì í ṣí, tó ń tì í dé, ẹ̀jẹ̀ náà ló sì dì mọ́ ọn.