Kọ̀ǹpútà Ní Bàbá Mi Ṣì Wà Lẹ́wọ̀n

Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá mi jókòó tì mí báyìí, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, àmọ́ kọ̀ǹpútà ní ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wà!

Iléèwé kan ní Kàbà fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ ọlọ́dẹ. Òfin tuntun ìpínlẹ̀ wa ní ká kọ́kọ́ yẹ orúkọ wọn wò, torí àkọsílẹ̀ kóòtù àti ti ọgbà ẹ̀wọ̀n ti wà pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà báyìí. La bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lónìí.

Ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà wojú bàbá, ó tún wo ẹ̀rọ.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ ò tíì jáde lẹ́wọ̀n."

Inú bí mi! Nígbà tí Kàbà ṣì wà ní Kwara làwọn kan fẹ̀sùn jíjí alùpùpù kan bàbá, tí wọ́n fi wà lẹ́wọ̀n títí ẹjọ́ fi parí. Bàbá mi kọ́ ló jí i!

Bàbá ní kí n dákẹ́. Ọmọbìnrin náà wo àkọsílẹ̀ ti kóòtù, ó sì rí i: adájọ́ Ìlọrin ti dá bàbá sílẹ̀, kò rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ wọn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti jáde. Ó tẹ nǹkan kan, ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn bí a ṣe ń kíra ní Kàbà.

"Okun o, bàbá. Ẹ ti jáde."

Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ewúrẹ́ bá sọnù ládùúgbò, ẹnu ọ̀nà wa làwọn èèyàn kọ́kọ́ ń yà sí.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "O ṣé, ọmọ mi. Ṣé o lè bá mi tẹ ti àdúgbò náà?"

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ dá bàbá lóhùn nísàlẹ̀.