Ọkùnrin Tó Wá Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Máfọwọ́kàn-án ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Wẹ́dà ni, ohun tó sì máa ń sọ fún oníbàárà tó bá sún mọ́ irin gbígbóná ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù pa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lórí kẹ̀kẹ́, orúkọ náà di ti òun fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tó sún mọ́ ọn mọ́. Wọ́n ju awakọ̀ náà sẹ́wọ̀n, àmọ́ ìbínú ẹ̀gbọ́n mi ò bá a lọ.

Irin àtẹ̀gùn tó já, tí wọ́n ní kó wá jó, ló gbé e dé yàrá òkè ilé kan. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló wà nísàlẹ̀ ilé náà. Ìyá àgbà kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì nínú ọkọ̀ òkun rí ló ń gbé òkè. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń jó irin, ó rí àwọn èèyàn tó jókòó sórí ẹní, tí wọ́n dijú, tí wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. Ó bi ìyá náà pé kí ni wọ́n ń ṣe.

"À ń jókòó ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tí ò níṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ní kó jókòó wò bóyá kì í ṣe iṣẹ́. Ó jókòó, ọkàn rẹ̀ ń sá kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Síbẹ̀, ó padà lọ, ó tún padà lọ.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní kí n lọ wo ohun tí ọkọ òun kó wọ̀. Mo lọ. Orúkọ Jésù ni ìyá náà fi ń gbàdúrà, àmọ́ kò sí èbúté tó dé tí kò ti kọ́gbọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń tẹ́tí sí èémí ara rẹ̀ títí ìbínú á fi rẹlẹ̀. Àwọn Híńdù ló kọ́ ọ pé ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń gbé inú gbogbo ẹ̀dá. Àwọn tó ń tọ ọ̀nà Dáò nílẹ̀ Ṣáínà ní kéèyàn dà bí omi, tí kì í bá àpáta jà, tó sì ń kọjá.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ẹni tó lé eku méjì ń pòfo, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó lé mẹ́rin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo bá wọn jókòó, ọkùnrin kan tó rù kan eegun wọlé, ó jókòó sórí ẹní tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó dijú. Ẹ̀gbọ́n mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí i tí iṣan ọrùn rẹ̀ le. Awakọ̀ tó pa ọmọ rẹ̀ ni, wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò ní kóòtù, kò sì mọ ẹni tí òun jókòó tì.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde sórí àtẹ̀gùn. Èmi àti ìyá náà tẹ̀ lé e, ó sì sọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́. Ìyá náà ò wàásù.

"Tó o bá ní kó máa lọ, màá sọ fún un. Tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí."

Ẹ̀gbọ́n mi di irin àtẹ̀gùn mú. Ẹ̀rọ télọ̀ ń ró lábẹ́ wa. Nígbà tó yá, ó kọjú sí mi.

"Àbúrò, mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Bí tèmi ló ṣe ń gbọ̀n."

Ó wọlé padà, ó jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa lajú, ó sọ fún ọkùnrin náà jẹ́jẹ́: "Èmi ni bàbá ọmọ yẹn."

Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ tì í, ó gbé ọwọ́ tí iná ti jó níbi púpọ̀ lé e lẹ́yìn, kò sì gbé e kúrò. Orí mi wú. Ó ṣe mí bíi kí n bọ́ bàtà, mo wá rántí pé mo ti bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ní báyìí, ọkùnrin náà ń bá a di irin mú ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní wọn ò tíì rán òun níṣẹ́ ìdáríjì látọ̀run, kì í sì í débẹ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ká wọn mọ́ ìdí géètì kan tó kù díẹ̀ kó parí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yọ tòun ti agbòjò, ó nà án bo ẹ̀rọ wẹ́dà náà, ó sì dúró sínú òjò títí wọ́n fi jó géètì náà tán. Kò kí ọkùnrin náà. Kò sì lé e.