Ọdún Tí Ẹ̀rọ Mi Ka Àlejò Mọ́ Onílé

Òórùn ike gbígbóná ló máa ń ṣáájú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọlé. Kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òórùn yẹn á ti gba gbogbo yàrá wa ní Joju, á ti bà lé ìwé mi àti bẹ́ẹ̀dì mi. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti ike omi ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti kúrò nílùú wa ní Ọ̀ṣun lẹ́yìn ikú ìyá wa. Òun ló rán mi nílé ẹ̀kọ́ títí mo fi gboyè àkọ́kọ́. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kàwé gboyè kejì ní yunifásítì kan ní Ọ̀tà níbẹ̀, ohun tó sọ kò ju pé, "Kà á. Bí o bá kà á tán, èmi náà á sinmi."

Ìsinmi tó ń wí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ̀rọ tó ń lọ ike níbi iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pariwo débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Etí rẹ̀ òsì ti kú. Nọ́ọ̀sì kan sì ti sọ fún un lójú mi pé bí kò bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọ̀tún á tẹ̀lé òsì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mi ti ṣèlérí pé nínú àwa méjì tó ń gboyè kejì lọ́dún náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ parí ni wọ́n máa gbà síṣẹ́ olùkọ́. Àdéhùn wa ni pé ọjọ́ tí mo bá gba ìwé ìgbanisíṣẹ́, ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi á dágbére fún ilé iṣẹ́ ike.

Ìgbà yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù ní Ọ̀tà bí olú. Ibi tí a ti ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dé ibẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí ìpàdé ńlá àwọn ìjọ bá sì dé, èrò á ya wá láti gbogbo ìpínlẹ̀, wọ́n á kún inú àgọ́, àwa tí a ń gbé ìlú kò ní rí ọ̀nà kọjá títí wọ́n á fi lọ. Gbogbo èyí ni mo ń rí lójoojúmọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí èmi tí mo ń rí i, mi ò fi í sọ́kàn.

Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé ni láti mọ ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn dìbò bí wọ́n ṣe ń dì í. Dípò kí n máa ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, mo kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń ṣa ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn bá kọ síta gbangba lórí ayélujára, tí fóònù wọn sì fi hàn pé Ọ̀tà ni wọ́n ti kọ ọ́. Ẹ̀rọ náà á wò ó bóyá ìyìn ni tàbí èébú, ta ni wọ́n ń yìn, ta ni wọ́n ń bú, á sì ṣírò rẹ̀ pọ̀. Olùdíje méjì ló ń du ìjókòó kan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà náà: ọ̀dọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, tó mọ tinú tòde ayélujára, àti àgbà òṣèlú kan tí mi ò rò pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀rọ mi ní ọ̀dọ́ ni gbogbo Ọ̀tà fẹ́. Mo yà á sí àwòrán aláràbarà, mo gbé e lọ fún Purofẹ́sọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, inú rẹ̀ dùn. Ẹ wá wo èmi nínú ọgbà yunifásítì, mò ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko baba ẹni tó tóbi tó ti baba òun. Èmi tiẹ̀ rò pé oko baba mi nìkan ló wà láyé.

Mo fi àwòrán náà han ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò ó títí, ó béèrè bóyá àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà kì í wo ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìlú lódindi ló ń wò. Ó ní ó dáa. Mo rò pé kò yé e ni.

Lọ́jọ́ ìdìbò, mo sìn ín lọ sí ibùdó tó ti ń dìbò, níwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Joju. Nígbà tí wọ́n dìbò tán, ọ̀dọ́mọbìnrin àgùnbánirọ̀ kan ń gbé ìwé ìbò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo èrò sì ń bá a kà á pọ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Èmi náà ń kà á. Ìbò ọ̀dọ́ mi tán nígbà tí ohùn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ti àgbà òṣèlú ń lọ, ó ń lọ, kò tán bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo lọ wo èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láti Joju títí dé Alapoti. Bákan náà ló rí.

Purofẹ́sọ̀ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ kí n yege ni. Ó ní, "Ìwọ náà mọ orílẹ̀-èdè wa. Kọ ọ́ pé wọ́n jí ìbò. Kọ ọ́ pé ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ sọ ló wà lọ́kàn ará ìlú. Ta ló máa bá ọ jiyàn?" Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn. Ta ni kò gbà pé wọ́n ń jí ìbò? Ìdánwò àfẹnuṣe mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ẹnì kejì mi kò sì tíì kọ orí ìkẹyìn ìwé tirẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra irọ́. Irọ́ tèmi yìí tiẹ̀ kò ní kí n mú owó wá. Mo jókòó, mo sì kọ ojú ìwé mẹ́rin.

Ẹ̀karùn-ún ni mi ò lè kọ. Ẹnu ara mi ni mo fi bá wọn ka ìbò náà. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní, "Níbi tí mo ti dìbò, ẹnikẹ́ni kò jí nǹkan kan." Ó fún aṣọ náà, ó sá a, ó wá bi mí pé, "Àwọn tó ń kọ̀wé sórí fóònù yẹn, ṣé àwọn ló tò síwájú mi lórí ìlà?" Ó ṣàlàyé pé ní ilé iṣẹ́ àwọn, mẹ́gádì ló ń gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn lẹ́nu géètì láàárọ̀, inú páálí kan ló ń kó o sí. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó máa gbà á padà, ó ti rẹ̀ wọ́n, oorun ló kù. Ọ̀rọ̀ òṣèlú tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò wo ohun tí wọ́n sọ, ibi tí fóònù wọn wà ni mo wò, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àgọ́ ìjọ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti wá. Lọ́sẹ̀ tí ìpàdé ńlá wáyé, ńṣe ló ya bí omi òjò. Ọ̀tà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn, ṣùgbọ́n Ìbàdàn tàbí Èkó ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìdìbò. Ẹni tó wá sípàdé ìjọ kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ọ̀tà ni wọ́n ti sọ̀rọ̀, wọn kò dìbò níbẹ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé èmi gan-an tí mo kọ ẹ̀rọ náà, Ọ̀ṣun ni orúkọ mi wà. Mo kàn sin ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi ìdìbò lásán ni. Ọ̀mọ̀wé olórí pípé!

Mo ní láti sọ fún un. Mo ní bí mo bá sọ òtítọ́, mo máa tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì mi.

"Ọdún kan?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó yí etí rẹ̀ ọ̀tún sí mi. Ó wá ní, "Ṣé irọ́ lo fẹ́ máa fi bọ́ mi ni? Lọ tún un ṣe. Mo ṣì ní etí kan."

Ọjọ́ kejì ni mo gba ìwé mi padà lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Purofẹ́sọ̀ bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kọ́ ẹ̀rọ náà láti máa ka fóònù tó bá ṣì ń sọ̀rọ̀ láti Ọ̀tà nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ ọlidé, tí ìpàdé ìjọ sì ti tú. Ó ku díẹ̀ kí ó má ku nǹkan kan. Fún àwọn tí kò sí nínú rẹ̀, mo gba ẹnu géètì àwọn ilé iṣẹ́ lọ. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn kan ń jáde tí àwọn mìíràn ń wọlé, mo máa ń dúró pẹ̀lú ìwé mi, mo ń tọrọ àyè kí n tó béèrè ohunkóhun. Ọkùnrin kan ní, "Oga, which party send you?" Àwọn mìíràn lé mi. Mo padà wá lọ́jọ́ kejì, mo tún wá lọ́jọ́ kẹta. Olórí kunkun ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, ọdún yẹn ló wúlò. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn. Àgbà òṣèlú tí mo fojú di, òun ló bá àdúgbò wọn wá tiransífọ́mà nígbà tí tiwọn jó. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sórí ayélujára nínú wọn. Iná ṣáà ń tàn nílé wọn.

Wọ́n fún ẹnì kejì mi níṣẹ́ kí oṣù méjì tó pé. Mo bá a yọ̀ lójú rẹ̀, mo délé, mo sunkún. Ọdún méjì ni mo lò kí n tó yege, ọdún kan sí i kí yunifásítì mìíràn tó gbà mí. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n mi fi ilé iṣẹ́ ike sílẹ̀.

Iṣẹ́ yìí náà ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lónìí. Bí mo bá sọ ìtàn yìí fún wọn, wọ́n máa ń yìn mí, wọ́n ní mo nígboyà. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi dúró níwájú rẹ̀, ó ń kọrin tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu ọmọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ rẹ̀ kò sì bá orin náà mu rárá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé. Mo mọ̀ pé bí ọjọ́ yẹn bá tún padà wá, mo máa gba ìwé mi padà, ẹ̀gbọ́n mi náà á sì tún ní kí n lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá dàgbà tó bi mí léèrè, mo máa sọ fún un pé òtítọ́ tí wọ́n ń yìn mí fún yẹn, ẹ̀gbọ́n mi yìí ló rù ú.