Tábìlì Tí Ọ̀gá Bàbá Hamdalah Fi Sílẹ̀

Ẹ bá mi wo ọkùnrin tó gbà pé ọwọ́ òun ti bàjẹ́, tí kò sì gbà pé tábìlì lè bàjẹ́. Bàbá Hamdalah ni, káfíńtà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ibi tí mo ti ń ta èédú ní Ìgàndó. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tá a ti jọ wà níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, gbogbo ilẹ̀kùn tó bá kàn ni wọ́n ń dá padà. Lílọ́ ni wọ́n ń lọ́. Ìyáàfin Olúfúnkẹ́, tó ń kọ́lé ní Ayọ̀bọ̀, fi kẹ̀kẹ́ gbé tirẹ̀ wá.

"Bàbá, tí mo bá ti ìsàlẹ̀, òkè á ṣí. Ṣé ilẹ̀kùn nìyí àbí ẹnu arúgbó?"

Èmi rẹ́rìn-ín ṣá. Òun ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó ní, "Ìyá Tolú, ojú mi ò ríran mọ́, ọwọ́ mi ò dúró. Mo ti sọ fún Ìdíátù ìyàwó mi: tá a bá ti ṣe Iléyá tán, à ń lọ sílé. Màá lọ gbin ẹ̀gẹ́."

"Ẹ̀gẹ́ kẹ̀? Pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn yín yìí?"

Ó gbé ilẹ̀kùn náà wọ ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kejì, òjò ti rọ̀ mọ́jú, páànù rẹ̀ sì ń jò. Mo yọjú kí i, mo rí omi lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Àárín ni gbogbo rẹ̀ kó jọ sí, àfi bíi pé inú àwo ló wà.

"Bàbá Hamdalah, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà o, ṣùgbọ́n omi kì í kó jọ sójú kan níbi tó bá tẹ́jú. Tábìlì yín ló jin kòtò! Òun ló ń lọ́ ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ bá kàn lórí rẹ̀."

"Tábìlì tí ọ̀gá mi fà lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo gba fírídọ̀mù? Ọ̀gá mi ò kan ohun tó wọ́ rí."

"Ọ̀gá yín kàn án dáadáa. Ẹ̀yin lẹ fi òòlù lù ú fún ọgbọ̀n ọdún."

Ó ti ìka bọ omi náà, ó wo ibi tó mu ún dé. Mo wá rí i pé ó rọrùn fún un láti bú ọwọ́ ara rẹ̀ ju kó bú ohun ọ̀gá rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa ná. Èmi náà, agolo tí ìyá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń wọn èédú. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Ó jẹ́ kí tábìlì gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì yọ gbogbo ìṣó tó ti ṣẹ́ sínú rẹ̀. Ó gba èédú kan lọ́wọ́ mi, ó fi kun ẹ̀gbẹ́ pákó gígùn kan tó tọ́, ó sì ń fà á kọjá lórí tábìlì. Ibi tó ga á dúdú. Kòtò ò ní dúdú. Dúdú yẹn ló fẹ́ fá kúrò. Àmọ́ orúkọ ọ̀gá rẹ̀, tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbẹ́ síbẹ̀, á bá a lọ.

Ó gbé ìfági, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó fọwọ́ pa orúkọ náà.

"Ọ̀gá, ẹ foríjì mí. Bismilláhì."

Ó fá. Ohun tó jáde lẹ́nu ìfági gùn, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, kò já. Ó mú un, ó wò ó, ó wá wo ọwọ́ rẹ̀.

Kó tó di àkókò ìrun Àsárì, tó bá fa pákó yẹn kọjá, gbogbo ojú tábìlì ló ń dúdú dọ́gba. Ó fá a nígbà ìkẹyìn, ó tú ilẹ̀kùn Ìyáàfin Olúfúnkẹ́, ó tún un tò lórí rẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò mì.

Ó pe ìyàwó rẹ̀. "Ìdíátù, ṣé o ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé à ń bọ̀?"

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù: "Mo ti sọ o. Wọ́n ti ń ṣán oko dè yín."

"Pè wọ́n padà jàre. Ní kí wọ́n gbin nǹkan tiwọn síbẹ̀. Tábìlì ni, kì í ṣe èmi."