Ọwọ́ Tí Yóò Wẹ Ọmọ Mi

Ní ìdílé tiwa, ìyá ìyá ló ń wẹ ọmọ tuntun. A kì í jiyàn lé e lórí. Bí obìnrin bá ti bímọ, ìyá tó bí i á di ọṣẹ dúdú, kànìnkàn àti òrí láti abúlé wá. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé e, á wẹ̀ ẹ́, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, á sì jù ú sókè díẹ̀ kó tún mú un, kí ẹ̀rù má baà máa ba ọmọ náà bó bá dàgbà. Gbogbo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gba ọwọ́ ìyá mi kọjá, kò sì sí ojo kankan nínú wọn. Àfojúdi wọn tilẹ̀ pọ̀ jù.

Nítorí náà, nígbà tí èmi náà lóyún, lẹ́yìn tí mo ti retí títí tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń fi mí ṣe kókó àdúrà láìbéèrè lọ́wọ́ mi, Idigny, abúlé wa, ni mo kọ́kọ́ sáré lọ láti sọ fún ìyá mi. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún, ó jó yí àgbàlá ká. Lẹ́yìn náà ló wá dúró, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ọmọ mi, wá ẹlòmíràn tí yóò bá ọ wẹ̀ ẹ́."

"Họ̀wù! Ẹlòmíràn bíi ta ni?" Inú kì í pẹ́ bí mi, oyún sì tún wá bù kún un. "Màmá, ẹ má bá mi ṣe irú eré yìí o."

"Etí títì ni ilé rẹ wà ní Kétu. Bí mo bá jù ú sókè, tí ọkọ̀ bá fọn fèrè ńkọ́?"

Mo mọ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ kan, kí n tó lóyún, ló ti ọjà Kétu bọ̀ nínú takisí tí wọ́n ti di àpò àgbàdo lé lórí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta gàrí jókòó tì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín oníbàárà kan tó ná gàrí títí tí kò rà á. Ìyá mi gbọ́ fèrè ọkọ̀ ńlá kan, fèrè gígùn tí kò dá. Lẹ́yìn ìyẹn ni takisí gbókìtì sínú kòtò. Èjìká ìyá mi yẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò dìde mọ́.

Àwọn èèyàn wá kí i títí ilé fi kún. "Ẹ kú ewu! Ewu iná kì í pa àwòdì." A pa adìyẹ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a rò pé ó ti tán. Kò tán. Èjìká jinná, ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ti gbọ́ fèrè báyìí, gbogbo ara rẹ̀ á fò, ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á sì já bọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó dà sí ọmọ aládùúgbò lára. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Kò wọ ọkọ̀ mọ́. Ó ń gbọ́ òórùn epo bẹntiróòlù níbi tí kò sí. Ó máa ń sọ fún mi pé òun mọ̀ pé àgbàlá òun ni òun wà, ara òun ni kò gbà. Àwọn àgbà ní kò burú, ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló á sá. Ọkùnrin kan ní tirẹ̀ béèrè bóyá orí ìyá mi ti ń dàrú. Èsì tí mo fún un lọ́jọ́ náà, kò dára kí olùkọ́ ilé ìwé bíi tèmi sọ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Àbúrò bàbá mi, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ló wá ṣe òfin. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ ní agbo ilé wa, kó pa ẹ́ńjìnì lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó fọwọ́ ti alùpùpù rẹ̀ wọlé. Ẹ wá wo àwọn ènìyàn mi! Ẹni tó di àpò gbáàgúdá mẹ́ta sẹ́yìn, á sọ̀kalẹ̀, á máa ti alùpùpù, òógùn á máa ṣàn, á sì máa kí ìyá mi ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo fi ojú ara mi rí pásítọ̀ wa, tòun ti aṣọ funfun, tó ń ti alùpùpù nínú ẹrẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Mo fẹ́ràn àwọn ènìyàn wọ̀nyí dé egungun.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ń burú sí i. Fèrè ọkọ̀ ńlá nìkan ló ń bà á lẹ́rù tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ìró alùpùpù tó jìnnà réré. Nígbà tó tún yá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo náà bẹ̀rẹ̀ sí í bà á lẹ́rù. Ní ìgbẹ̀yìn, kò kọjá ìdí igi máńgòrò yẹn mọ́.

Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń gba ìtọ́jú oyún, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Agbẹ̀bí bi mí léèrè ohun tí mo ń rò, ni mo bá bú sẹ́kún níwájú gbogbo aboyún. Ó mú mi lọ bá nọ́ọ̀sì obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn tí ìdààmú ọkàn bá. Nígbà tí mo sọ fún un pé ìyá mi ò lè wọ ọkọ̀ wá, ó ní òun á lọ bá a. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gun alùpùpù dé Idigny, tí àbúrò bàbá mi sì dá a dúró lábẹ́ máńgòrò pé kó sọ̀kalẹ̀ kó máa tì í. Ó tì í dé àgbàlá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó béèrè pé, "Ta ló ṣe òfin yìí?" Àbúrò bàbá mi gbé àyà síwájú, ó rò pé wọ́n fẹ́ yin òun ni.

Nọ́ọ̀sì náà yíjú sí ìyá mi ná. Ó jókòó ti ìyá mi, ó jẹ́ kó sọ èyí tó bá lè sọ. Lẹ́yìn náà ló wá ní:

"Màmá, nínú ọpọlọ gbogbo wa, ibì kan wà tó dà bí ajá tó ń ṣọ́ ilé. Bí ewu bá dé, òun ló ń gbó, ara á ti fò kí èèyàn tó ronú. Ibòmíràn wà níwájú orí tó dà bíi baálé, òun ló ń sọ fún ajá pé, 'Dákẹ́, ẹni tí a mọ̀ ni.' Ibì kan sì tún wà tó ń bá wa to ọ̀rọ̀ àná sí àyè àná. Irú jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí lè mú kí ajá máa gbó ju bó ṣe yẹ lọ, kí ohùn baálé rẹlẹ̀, kí àná sì máa já wọ inú òní. Àwọn dókítà ti fi ẹ̀rọ wo inú orí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn ibi wọ̀nyí máa ń yí padà. Kì í ṣe wèrè. Kì í sì í ṣe ojo."

Ìyá mi bi í pé, "Ajá náà, ṣé ó lè tún gbọ́ràn?"

"Ó lè gbọ́ràn, Màmá. Ọpọlọ kì í ṣe òkúta. Títí ọjọ́ ogbó ló ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ó lè má dákẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n á mọ ohùn yín."

"Orí mi kò bàjẹ́ nígbà náà," ni ìyá mi wí, omijé sì dà lójú rẹ̀. Ó ti ń bẹ̀rù ìyẹn ní gbogbo àkókò yìí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì wá kọjú sí àbúrò bàbá mi. "Ẹ̀yin ènìyàn rere, ẹ kú ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n bí gbogbo abúlé bá ń fi alùpùpù pamọ́ fún un, kí lẹ rò pé ajá yẹn ń gbọ́? Ẹ̀ ń sọ fún un pé òótọ́ ló ń gbó." Àyà tí àbúrò bàbá mi ti gbé síwájú bá wálẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nọ́ọ̀sì ń wá déédéé. Wọ́n kọ́kọ́ gbé alùpùpù sí àárín àgbàlá láìtan ẹ́ńjìnì rẹ̀, ìyá mi á jókòó tì í, á máa bó gbáàgúdá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tàn án. Nígbà tó yá, àbúrò bàbá mi á lọ dúró lábẹ́ máńgòrò, kò sì gbọdọ̀ fọn fèrè àfi bí ìyá mi bá na ọwọ́ sókè. Ìyá mi ló ni àṣẹ. Bó bá ti fọn ọ́n, ìyá mi á dárúkọ ohun tó wà níwájú rẹ̀, bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ: "Àpótí. Ewúrẹ́. Gbáàgúdá. Ó ti kọjá. Ó ti kọjá lọ." Ọjọ́ kan wà tó sá wọ yàrá, tí kò jáde mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Àbúrò bàbá mi ní òun á ta alùpùpù náà dànù. Ìyá mi fèsì láti inú yàrá pé bó bá tà á, ta ni yóò gbé òun lọ wẹ ọmọ? Èmi tí mo wà níta, mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá bi í ní gbangba, ohun kan náà ló ń sọ: "Wá ẹlòmíràn." Mo kọ̀, n kò wá ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ mi ní òun ṣetán, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún mi. Ọkọ mi ní olórí kunkun ni mí. Òótọ́ ni.

Mo bí ọmọbìnrin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé ilé, mo gbọ́ ìró alùpùpù kan tí kò dákẹ́ lójú títì, tí kò dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, títí ó fi dé ìdí pèpéle ilé wa gan-an. Ìyá mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di ojú pinpin, gèlè ti ṣí lórí rẹ̀, ó sì di ẹ̀wù àbúrò bàbá mi mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ya léjìká.

"Ẹ gbà mí o!" ni àbúrò bàbá mi ń kígbe. "Ó fẹ́ fún mi lọ́rùn pa! Láti Idigny ló ti ń ka ewúrẹ́ sí mi létí!"

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀kalẹ̀, ó béèrè omi. Ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀. Mo gbé ọmọ fún un. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo sì tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó rí i, ó bu omi sí ọmọ lára. Ó ń fi kànìnkàn ra ọmọ lẹ́yìn, ọṣẹ ń hó, nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan kọjá lójú títì tó sì fọn fèrè, fèrè gígùn.

Ọmọ náà ta gìrì, ó ya ọwọ́ méjèèjì. Èjìká ìyá mi fò sókè, kànìnkàn já bọ́ sínú omi. Ọmọ kò já bọ́. Ìyá mi gbá a mọ́ àyà tòun ti ọṣẹ, ó di ojú, mo sì rí bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà ló la ojú, tó wo ọmọ náà tó ń ké.

"Ó ti kọjá," ó wí fún un jẹ́jẹ́. "Wo omi. Wo ìyá rẹ. Wò mí. Fèrè lásán ni. Ó ti kọjá lọ."

Ọmọ dákẹ́. Ìyá mi ṣan ọṣẹ kúrò lára rẹ̀, ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀. Ó wá gbójú sókè wò mí.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò," ó ní. "Mo fẹ́ jù ú sókè."

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò.