Ìgò Òwú Bàbá Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ṣoṣo ni Bùọ̀dá mi. Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí i, nítorí Màámi kò bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tèmi nìyí, "ó" ni mo máa pè é níbí. Bí inú bá bí ẹnikẹ́ni, kó lọ kọ tirẹ̀.

Apoògùn ni bàbá wa. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé wa ní Ọ̀jọ́, níbi tí àwọn ará àdúgbò àti àwọn ìyàwó ṣọ́jà láti bárékè ti ń wá ra oògùn ikọ́ àti oògùn ibà. Ìgò ńlá kan wà lórí kántà wọn, aláwọ̀ aró, tó ní ìdérí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó òwú tí wọ́n fi ń nu ojú egbò sí. Ìgò yẹn ló so Màámi àti Bàbá pọ̀. Ọmọge ni Màámi nígbà náà, ìkarahun gé wọn lẹ́sẹ̀ létí ọ̀sà, wọ́n sì gbé wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá fa òwú yọ nínú ìgò, wọ́n nu ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní kí Màámi padà wá lọ́jọ́ kejì. Màámi máa ń sọ fún wa pé ẹsẹ̀ náà ti jinná tipẹ́ kí àwọn tó ṣíwọ́ àtimáa padà lọ.

Bàbá kú nígbà tí àwọn ọdún 1980 sí 1989 ń parí lọ. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí a sin wọ́n tí Bùọ̀dá mi fi ṣọ́ọ̀bù náà háyà fún ọkùnrin kan tó ń ta tẹlifíṣọ̀n, tí kò rí ààyè ní ọjà Alábà. Kò sọ fún mi. Kò sọ fún Màámi. Ó kó gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù jáde, ó dà wọ́n sórí ààtàn ẹ̀yìnkùlé, ìgò òwú náà sì wà láàárín wọn.

Nígbà tí mo dé láti Okokomaiko, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní yíya àwòrán, Màámi ni mo bá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ààtàn. Wọ́n ń ṣa àfọ́kù aláwọ̀ aró sínú ìṣẹ́po ìró wọn, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán lára ìka wọn. Bùọ̀dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi téèpù wọn ògiri.

"Màámi, ẹ jẹ́ á fọgbọ́n ṣe é," ló wí. "Ìgò ni. Tó bá ti fọ́, ó ti finish nìyẹn."

Mo ní, "Màá tún un ṣe."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ? Tíṣà drọ́ọ̀ìn ti di dókítà ìgò?" Ó sì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin oní-tẹlifíṣọ̀n náà bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé kúrò ní Ọ̀jọ́ lọ́jọ́ náà, òun àti Màámi àti àfọ́kù ìgò nínú ike. Màámi ní àwọn kò lè sùn nínú ilé tí wọ́n ti da ọkọ àwọn sórí ààtàn. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà láti ìgbà náà.

Mo mọ̀ pé kò lè di ìgò mọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa kan nílé ẹ̀kọ́ gíga ti fi hàn wá bí a ṣe ń fi iná yọ́ gíláàsì sínú àwo amọ̀ kó lè di abọ́. Mo ṣèlérí fún Màámi pé abọ́ kan á jáde nínú rẹ̀, tí wọn á lè máa ki ọwọ́ bọ̀ bí wọ́n ṣe rí Bàbá tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ ìgò náà. Láti ọjọ́ náà, Màámi ń fi ọṣẹ fọ àwọn àfọ́kù yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń fọ abọ́ àlejò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, nítorí àwọn alájọgbé mi rò pé ọtí ni mo ń pọn lẹ́yìnkùlé. Wáyà sítóòfù oníná ni mo kọ́kọ́ fi ṣe ààrò mi. Iná ọba lọ lójijì ní ẹ̀ẹ̀mejì, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ fọ́, mo sì ṣépè títí ẹnu fi ro mí. Mo bá lọ ra ìdajì dúrọ́ọ̀mù, mo fi amọ̀ tí mo pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó rẹ́ inú rẹ̀. Mo gbé ìkòkò ńlá onídèérí sáàárín, mo sì kó èédú tí mo rà ní Alábà Rago yí i ká. Abẹ́ àtíbàbà onípáànù ni mo gbé e sí, páànù àlòkù tí ihò ìṣó pọ̀ lára rẹ̀.

Inú ìkòkò yẹn ni àwo amọ̀ tí gíláàsì máa yọ́ sí máa ń wà. Mo ra tèmi ní Ìjànikin. Ẹfun ni a fi ń kùn ún, ẹfun funfun báláú tí wọ́n ń tà lọ́jà. Mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ omi, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì tí Bàbá fi ń fárùngbọ̀n kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láìsí ẹfun, gíláàsì á lẹ̀ mọ́ amọ̀ bí èèpá ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ìwọ àti ọ̀bẹ lẹ jọ máa jà á.

Ìgò ọtí àti gíláàsì fèrèsé ni mo fi kọ́ṣẹ́, n kò fọwọ́ kan ti Bàbá. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gíláàsì fèrèsé kì í bá ti ìgò ọtí gbé. Wọ́n á yọ́ pọ̀, wọ́n á dà bíi tọkọtaya tó fẹ́ràn ara wọn níta. Bó bá wá di pé kí wọ́n tutù, oníkálukú á máa fà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, wọ́n á sì là. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún mi ni pé n kò lè fi àfọ́kù ìgò mìíràn kún ti Bàbá. Èyí tí Màámi ṣà kò sì ju abọ́ kan lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè ṣe é.

Yíyọ́ kọ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀. Títutù ni iṣẹ́. Èèyàn máa fi ojú wo ihò kékeré tí mo lu sára ìkòkò títí ẹnu àfọ́kù tó mú bí abẹ á fi di ribiti. Lẹ́yìn náà, á fi eérú bo gbogbo rẹ̀, á sì kúrò níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣí i, kò gbọdọ̀ yọjú wò ó, títí yóò fi lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara dúrọ́ọ̀mù kó má jó o. Ó lè gbà tó ọjọ́ méjì. Bí atẹ́gùn tútù bá fẹ́ sí i kó tó tó àkókò, á là, ó sì lè má là lójú ẹsẹ̀. Mo mọ èyí dáadáa. Mo ti fọ́ bí ogún abọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó tó ọdún méjì kí ọwọ́ mi tó dá mi lójú. Mo yá ọ̀bẹ ìgégíláàsì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ṣe férémù ní Ìbá, mo ń ti ẹnu rẹ̀ bọ kẹrosíìnì, mo sì gé àwọn àfọ́kù náà kí wọ́n lè jókòó sínú ara wọn. Màámi jókòó tì mí lórí àpótí. Nígbà tí mo ń yára jù, wọ́n ní, "Rọra, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo dáná. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo fi eérú bò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Bùọ̀dá mi dé. Wọ́n ti ń sọ ní Ọ̀jọ́ pé ó lé ìyá rẹ̀ jáde nílé, ìyẹn ló gbé e wá. Ó fẹ́ mú Màámi padà. Màámi ní àwọn kò lọ, àwọn ń retí abọ́ àwọn.

"Abọ́ wo?"

Màámi na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀mù. Bùọ̀dá mi lọ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn án, ó sì yára fà á padà. "Ṣí i ká rí i."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó di ọ̀la. Kò tíì tutù."

"Ọ̀la, ọ̀la!" Ó yíjú sí Màámi. "Ọdún méjì ló ti ń sọ ọ̀la fún yín. Kò sí nǹkan kan nínú ibẹ̀, Màámi. Ó ti yọ́ dànù. Wàyó ló ń ṣe fún yín."

Wàyó. Fún ìyá tó bí mi. Mo mú àkísà, mo mú ẹ̀mú, mo gbọn eérú dànù, mo sì gbé ìdérí ìkòkò náà kúrò. Mo ní, "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó dáadáa!"

Ó wà níbẹ̀. Odindi ni, ó fẹjú bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀ láti bu omi, àwọ̀ aró rẹ̀ sì jìn débi pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Bùọ̀dá mi sún mọ́ ọn, ó na ọrùn wò ó. Mo gbádùn ojú tó fi wò ó yẹn. Mo dúró níbẹ̀, ìdérí wà lọ́wọ́ mi, mo ń fi ojú jẹ ẹ́ bí ẹran.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Ohùn kékeré kan, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná kan eyín. Mo bojú wo inú ìkòkò. Ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun ti sáré gba àárín abọ́ náà kọjá.

Màámi kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ́. Wọ́n ti sáré lọ sídìí àmù omi. Ẹ mọ ohun tí à ń ṣe nílé wa bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́: a ó da omi sórí òrùlé, omi náà á sì kán sára ọmọ lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kó tó wọlé. Màámi bu omi kún igbá, wọ́n ń pariwo pé, "Ọmọ wa dé! Ọkọ mi ti dé!" Kí n tó ya ẹnu, wọ́n ti dà á sórí páànù àtíbàbà náà. Omi gba ihò ìṣó wọlé. Ó kán sínú ìkòkò, èéfín rú sókè ṣòòò, abọ́ náà sì là sí mẹ́ta.

Igbá já bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Yéè! Mo ti pa iṣẹ́ ọmọ mi!" Wọ́n ń bọ̀ wá kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá mi. Mo sáré dì wọ́n mú, mo ní, "Kò burú, Màámi, ẹ̀yin náà kò mọ̀." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Bùọ̀dá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wo inú ìkòkò, ó sì wo ojú mi. Ibi tí ó dúró sún mọ́ ìkòkò bíi tèmi. Òun náà gbọ́ ohùn yẹn.

Mo bá yí gbogbo rẹ̀ lé e lórí. Mo pariwo mọ́ ọn títí àwọn alájọgbé fi jáde síta. Mo ní òun ló fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní, òun ló sì fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó bá tirẹ̀ lọ, ó sì lé ní ọdún mẹ́ta tí a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo ń fi ìbínú yẹn jẹun, mo ń fi í sùn, nítorí bí mo bá gbé e sílẹ̀, màá rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni mo bí ọmọbìnrin mi. Ọjọ́ tí a gbé e dé láti ilé ìwòsàn, gbogbo ẹbí ti péjọ níwájú ilé, Bùọ̀dá mi náà wá láti Ọ̀jọ́. Mo dúró lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọmọ lápá. Wọ́n gbé igbá omi fún Màámi, torí àwọn ni ìyá àgbà. Màámi gbà á, wọ́n wo omi náà, wọ́n sì gbé e kalẹ̀.

"Ẹ wá ẹlòmíràn," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ mi kò dáa fún omi."

Mo mọ̀ pé àkókò nìyẹn. Mo lè sọ níbẹ̀ pé, "Màámi, ó ti là kí omi yín tó dé òrùlé. Èmi ni mo ṣí i. Ìbínú mi ló fọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo wo Bùọ̀dá mi, òun náà sì ń wò mí. Ó lè sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn ni ì bá gbẹ̀san gbogbo èébú tí mo bú u.

Bùọ̀dá mi bọ́ fìlà wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé igbá náà nílẹ̀, wọ́n sì da omi sórí páànù. Ó kán sí ọmọ mi lójú, ọmọ náà ké, gbogbo ilé sì hó yèè. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìborùn wọn. Mo gbé ọmọ kọjá lára wọn wọlé, n kò sì sọ nǹkan kan.